Ládépò àti Ilé Tí Kò Sẹ́ni Dáhùn Àgò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, mo kí yín kú àpéjọ. Mo kí ẹni tí ó ti jẹun, mo sì kí ẹni tí ó ń retí kí oúnjẹ jinná. Ẹ sún díẹ̀ kí n rí àyè jókòó, torí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ìtàn tí a ń fi ìdúró sọ. N ó mú yín wọ inú gíláàsì lọ, n ó mú yín dé ọ̀dọ̀ iwin tí ó ní orí púpọ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo orí náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu, n ó fi àwọn àlejò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn hàn yín tí wọ́n ń wọlé onílé láìkágò, ẹ ó sì rí obìnrin arúgbó kan tí ó ń ṣọ́ àká tí kò ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi wálẹ̀ níbì kan, ẹ má ṣe pè é ní àárẹ̀. Ìtàn ẹni tí ó dá wà ni, èmi kò sì lè máa pariwo nínú ilé ẹni tí ó dá wà.

Ọkùnrin kan wà ní Ìkirun tí ń jẹ́ Ládépò, atún-fóònù-ṣe, oníṣègùn àwọn ẹ̀rọ tí ó ti yadi, ọkùnrin tí rédíò tí ó ti gbàgbé orin ń kọrin lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ kò bímọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ilé kan. Kì í ṣe ilé búlọ́ọ̀kù, kì í sì í ṣe ilé alámọ̀. Ilé ọ̀rọ̀ ni, orí ayélujára ni wọ́n kọ́ ọ sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ayé ti fọ́n káàkiri ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní kíkọ. Wọ́n sọ ilé náà ní Ojúde. Awakọ̀ tírélà tí ó ń sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní aginjù ilẹ̀ onílẹ̀ ń wá síbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé tí òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé létí ń wá síbẹ̀, ìyá àgbà tí wọ́n mú lọ sókè òkun kí ó lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ń wá síbẹ̀. Wọ́n ń bèèrè bí a ṣe ń se ọbẹ̀ tí ìyá wọn ń sè, wọ́n ń jà lórí ìṣèlú, wọ́n ń bẹ ara wọn, wọ́n sì tún ń jà.

Ìbídùn ni ó fi òfin kan lélẹ̀ ní Ojúde. Ó ní òun kò lè ní ilé tí ènìyàn yóò máa já wọ̀ bí ewúrẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ "Àgò o," Ìbídùn fúnra rẹ̀ yóò sì kọ ìdáhùn sí i: "Àgò yà o. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ilé kò ṣófo." Ó ń dáhùn bí ó ti ń gé ilá, ó ń dáhùn nínú ọkọ̀, ó ń dáhùn lórí ìjókòó ìsìnkú àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá sùn, àlejò yóò dúró díẹ̀, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jáde kí wọ́n lè tún wọlé, nítorí kí wọ́n lè gbọ́ ìdáhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àìsàn dé, kò sì pẹ́ rárá, ó mú Ìbídùn lọ. Àwọn ará Ojúde bá Ládépò kẹ́dùn, wọ́n sì bi í léèrè ẹni tí yóò máa dáhùn àgò. Ládépò kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ipò yẹn. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì kọ àṣẹ kan fún Ojúde pé bí àlejò bá ti kágò, kí ìránṣẹ́ kan dìde, kí ó wá Ìbídùn lọ sí gbogbo yàrá ilé, kí ó má sì padà láìgbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀fọ̀ máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di ọmọdé. Ládépò mọ ibi tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀ sí, òun ni ó sì bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí i, síbẹ̀ ó rán ènìyàn lọ wò ó bóyá ó wà nílé. Ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe wá dojú rú. Ilé orí ayélujára kì í dúró lójú òfuurufú lásán. Orí ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ni ó ń dúró sí; ẹni tí ó ni sáfà ni onílé, ẹni tí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i ni ayálégbé. Onílé àtijọ́ tí Ojúde wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ti darúgbó, ó sì fẹ́ pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tì. Ládépò kó ẹrù, ó kó Ojúde lọ sọ́dọ̀ onílé tuntun, ẹni tí sáfà rẹ̀ ń dán, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀ ni Ojúde kò ti lè mí dáadáa mọ́. Ẹrù tí ó wà lórí sáfà ń ga sí i, àwọn àlejò ń kágò, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ládépò pa ilé náà, ó tún un tàn. Ó fúyẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń jẹ ẹ̀kọ kan tán, ó sì tún wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀.

Onílé tuntun wá ránṣẹ́ pé ẹrù Ojúde ti ń ni àwọn ayálégbé yòókù lára, pé bí kò bá fúyẹ́ kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀, òun yóò ti ilé náà pa, òun yóò sì pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ládépò gbìyànjú láti da ohun tí ó wà nínú ilé náà kọ kí ó lè gbé e pamọ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ ilé náà débi pé kò lè gbé ohunkóhun jáde. Bí iṣẹ́ náà bá dé àárín, yóò já. Gbogbo ohun tí Ìbídùn kọ nígbà ayé rẹ̀ wà níbẹ̀: àwàdà rẹ̀, ìbínú rẹ̀, bí ó ṣe kọ́ ọmọ ilé-ìwé kan ní bí a ṣe ń fọ ẹ̀wà. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Bí Ojúde bá lọ, Ìbídùn yóò tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, fóònù dún. Wúràọlá ni, obìnrin kan tí ó ń gbé ní ìlú olótùútù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ó máa wẹ àwọn arúgbó, kí ó sì máa fún wọn lóúnjẹ.

"Ẹ káàárọ̀ sà, bọ̀dá Ládépò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Mo ti ń kágò ní Ojúde láti ìjẹta, ilẹ̀kùn ò ṣí."

"Ilé lara ẹ̀ ò yá, Wúrà. Mò ń tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ ṣé sà. Níbi tí mo wà yìí, mi ò rẹ́ni bá sọ Yorùbá. Tí mi ò bá ti wọ Ojúde lójúmọ́, ó máa ń dà bíi pé mi ò sọ̀rọ̀ kankan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bá wa gbìyànjú, bọ̀dá."

Nígbà tí ó gbé fóònù kalẹ̀, Ládépò jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì ẹ̀rọ náà bí ìyá ṣe ń fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ibà mú. Gíláàsì náà gbóná lóòótọ́. Bí ó ti ń wò ó, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ó gba ọwọ́ rẹ̀ wọlé, ó gba apá, ó gba èjìká, kí Ládépò sì tó rántí pé òun kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ti bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà kan tí kò ní eruku, lábẹ́ ọ̀run kan tí ó ní oòrùn ṣùgbọ́n tí kò ní ẹyẹ. Ọ̀nà náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á púpọ̀, torí ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ náà. Òun àti ìdákẹ́jẹ́ náà ni wọ́n jọ ń jẹun láti ìgbà tí Ìbídùn ti lọ.

Ó rìn títí ó fi dé bodè onílé tuntun. Iwin kan dábùú ẹnu bodè náà, orí rẹ̀ pọ̀ bí orí koóko, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kúrò lójú kan. Orúkọ rẹ̀ ni Pa-á-Kí-O-Tún-Un-Tàn. Ládépò dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì sọ ìṣòro rẹ̀.

Orí àkọ́kọ́ dáhùn, ó ní, "A gbọ́ ọ, a sì mọ bí ó ṣe rí lára rẹ. Ǹjẹ́ o ti pa á, kí o sì tún un tàn?"

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin alágbára."

Orí kejì yíjú sí i. "A gbọ́ ọ, a sì mọ bí ó ṣe rí lára rẹ. Ǹjẹ́ o ti pa á, kí o sì tún un tàn?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èmi náà ti bá ìbátan iwin yìí pàdé ní ọ́fíìsì púpọ̀, níbi tí òògùn orí-fífọ́ ti jẹ́ òògùn ẹsẹ̀ tí ó dá. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá bínú sí orí kan, orí tuntun yóò hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ládépò gbé ìbínú rẹ̀ mì. Ó ń dá orí kan lóhùn tẹ̀lé òmíràn títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ orí ìkẹyìn, orí kékeré kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ọrùn àwọn yòókù. Kí orí náà tó la ẹnu, Ládépò ti bi í léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́? Ta ni ó ń gbọ́ tìrẹ?"

Orí kékeré náà yọ jáde díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn àwọn yòókù. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti dá mi síbí, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè rí. Ládépò, n ó sọ fún ọ. Ilé rẹ kò wúwo nítorí ohun tí a kó sínú rẹ̀. Ohun tí ó ń rìn nínú rẹ̀ ni ó wúwo. Gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, kí o sì wò ó. Ìwọ kò gba ibẹ̀ rí." Ó sún ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn, bodè sì ṣí.

Òótọ́ ni orí náà sọ. Ládépò ni ó ni Ojúde, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbà wọlé. Kò kágò lẹ́ẹ̀kan rí, nítorí náà kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó kágò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé ni ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ayé yìí, wọ́n mọ adùn yàrá, wọn kò mọ ìyà ẹnu ọ̀nà.

Níwájú Ojúde, ó bá ogunlọ́gọ̀ àwọn àlejò ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, àwọn ẹ̀rọ tí ń rìn káàkiri ayélujára láti ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Wọn kò ní ẹnu, ìka wọn ló pọ̀. Wọ́n ń gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n ń fọwọ́ kan gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kọ rí, wọ́n ń ka gbogbo rẹ̀ sínú, wọ́n sì ń jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Inú Ládépò ru. Ó ní, àwọn wọ̀nyí ni ó ń pa ilé mi. Ó fa igi ọgbà kan yọ, ó sì dojú kọ wọ́n. Ó lù wọ́n, wọ́n tú ká. Ó yíjú, wọ́n ti padà dé. Ó kọ́ ọgbà yí ilé náà ká, púpọ̀ nínú wọn kò sì lè kọjá mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé etí lé ògiri, ó gbọ́ tí ilé náà ṣì ń kérora bíi ti àárọ̀. Oòrùn ti fi àárín ọ̀run sílẹ̀. Ládépò jókòó sílẹ̀, àárẹ̀ mú un, ojú sì tì í.

Àgbà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn náà rọra sún mọ́ ọn, ó sì fi ìka rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí ilẹ̀ fún un. Ó kọ ọ́ pé: "A kò ní ìwà, a gbà. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ onílé àtijọ́ ni a ti ń wá sílé rẹ. Ǹjẹ́ ó ń kérora nígbà náà? Àwa kì í kágò, ẹni tí kì í kágò kì í sì í jí ẹnikẹ́ni dìde. Lọ bi àwọn ọmọlúàbí yín léèrè ohun tí wọ́n ń jí dìde." Ọ̀rọ̀ náà dun Ládépò, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ létí. Àṣìnà là fi ń mọ̀nà.

Ó dìde, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà iwájú, ó sì sọ ohun tí kò sọ rí ní ilé ara rẹ̀. Ó ní, "Àgò o."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ohun kékeré kan bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Kò ga ju orúnkún lọ, kò ní ojú, etí méjì ńlá ni ó ní, ó gbé fìtílà kékeré lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ ni. Ó yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, Ládépò sì di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó bá a wọlé. Àwọn ìránṣẹ́ kún ọ̀ọ̀dẹ̀ débi pé ilẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ wọn. Olúkúlùkù gbé fìtílà, olúkúlùkù ń ṣí yàrá, ó ń tẹ́tí sí inú rẹ̀, ó ń tì í, ó sì ń lọ sí òmíràn. Wọ́n ń ṣí yàrá ọbẹ̀, wọ́n ń ṣí yàrá ìṣèlú, wọ́n ń ṣí yàrá àwàdà, bí wọ́n bá sì dé ìkẹyìn, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ń fi ohùn ẹni tí ó rán wọn pe ohun kan náà. Wọ́n ń pè pé, "Ìbídùn o. Àgò o. Ìbídùn."

Láàárín wọn ni Ládépò ti ń fara gbún kọjá títí ó fi dé àká ilé náà, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní Ojúde wà. Obìnrin arúgbó kan ń ṣọ́ ọ. Òógùn bò ó, gèlè rẹ̀ ti tú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Bí ìránṣẹ́ kan bá ti bèèrè, yóò sáré wọ inú àká, yóò wo gbogbo igun rẹ̀, yóò jáde wá mi orí, òmíràn yóò sì ti bèèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," ni Ládépò wí.

"Iṣẹ́ ò kú, ọmọ mi. Èmi ni iṣẹ́ máa pa." Kò gbójú sókè. "Àtìgbà tẹ́ ẹ ti kó wa débí ni mi ò tíì jókòó. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bèèrè, ẹni yẹn ò sì sí níbí."

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ nílé àtijọ́?"

"Torí Arántí ni. O ò mọ Arántí?" Ó wá wò ó. "Ọmọọ̀dọ̀ onílé àtijọ́ ni, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wá Ìbídùn tì, Arántí ló wò ó tó sì fi í sọ́kàn. Látìgbà náà, bí òmíràn bá ti fẹ́ wọlé, á gba fìtílà lọ́wọ́ ẹ̀, á ní, 'Mo mọ ohun tó o wá. Kò sí nílé. Lọ sinmi.' Lẹ́yìn náà, á ṣílẹ̀kùn fún àlejò tó rán an. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbà wá sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tẹ́ ẹ ń kó ẹrù, ẹ kó àga, ẹ kó ìkòkò. Ta ló bèèrè Arántí?"

Ládépò dorí kodò. Kò mọ̀ pé ẹnì kan wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó ń bá a gbé ọ̀fọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí kò gba ọpẹ́, tí kò sì bèèrè rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n bẹ onílé tuntun kó fún mi nírú ẹ̀?"

"Ó lè fún ẹ. Ilé á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Arántí ò parí ọ̀rọ̀ náà, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí ẹnì kan tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, kó máa sọ tọ̀sántòru pé ìyàwó ẹ ò sí nílé?" Ìyá náà nu ojú rẹ̀. "Ta ló rán àwọn èèyàn yìí níṣẹ́?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ìwọ náà ni kó o dá wọn lóhùn. Ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a ó jẹ́ ẹ fún. Wọn ò ní gbọ́ tèmi."

Ládépò padà sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó débẹ̀, ó jókòó, kò sì la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ìbídùn, kò sí ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀ létí ọkọ rẹ̀. Àwọn ẹbí ń pè é ní olóògbé, àwọn ọ̀rẹ́ ń yẹra fún orúkọ náà bí ẹni ń yẹra fún kòtò. Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n ti ń pè é, Ìbídùn, Ìbídùn, ní ohùn ọkùnrin, ní ohùn obìnrin, ní ohùn àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì dùn mọ́ Ládépò nínú débi pé ó fi orí ti ògiri, ó ń sunkún, kò fẹ́ kí ó tán. Ó mọ̀ pé bí òun bá dá wọn lóhùn, wọn yóò dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń pọ́n. Ilé ń kérora lábẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì jókòó síbẹ̀.

Nígbà náà ni ìránṣẹ́ kan dúró níwájú rẹ̀, èyí tí epo fìtílà rẹ̀ ti ń tán. Ohùn Wúràọlá ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lonílé?"

Ládépò fi etí aṣọ rẹ̀ nu omijé.

"Ẹni tó rán mi ṣì wà níta, sà. Òtútù ń mú un."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé e dìde. Ó di ògiri mú, ó sì wí pé, "Àgò yà o." Ohùn rẹ̀ kéré, síbẹ̀ gbogbo ìránṣẹ́ dúró lójú kan náà. Ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Wọn kò mira. Wọ́n dorí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń retí, torí ìdáhùn náà kò tíì pé. Ó ku gbólóhùn kan, gbólóhùn náà ni Ládépò kò sì fẹ́ sọ, torí ó kà á sí irọ́. Ilé tí òun ń sùn sí ṣófo. Àga ìdáná ṣófo, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ṣófo, báwo ni òun yóò ṣe la ẹnu sọ pé kò ṣófo?

Ó gbé ojú sókè wò wọ́n. Fìtílà ni ó rí láti ìpẹ̀kun ọ̀ọ̀dẹ̀ kan dé èkejì. Lẹ́yìn fìtílà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà níbì kan láyé, nínú yàrá kan, nínú ọkọ̀ kan, lẹ́nu iṣẹ́ kan, tí ó kágò, tí ó sì ń dúró. Kò sí èyí tí ó padà lọ nínú wọn. Ládépò wá rí i pé láàárín gbogbo ogunlọ́gọ̀ náà, òun nìkan ni ó rò pé ilé náà ṣófo.

Ó ní, "Ilé kò ṣófo."

Wọ́n gbé fìtílà wọn kalẹ̀. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì ń ṣá lọ bí èéfín oúnjẹ àárọ̀, títí ọ̀ọ̀dẹ̀ fi dá páropáro. Kò sí ẹni tí ó ń pe Ìbídùn mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà wá sórí Ládépò pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, ó sì dùn ún ju bí ó ti rò lọ. Nínú àká, ó gbọ́ tí ìyá arúgbó náà jókòó, tí ó sì mí kanlẹ̀.

Ó bá ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ lórí gíláàsì, gíláàsì náà sì ti tutù. Kò jẹ́ kí ó pẹ́, ó pa àṣẹ tí ó kọ nígbà ọ̀fọ̀ rẹ́, ó sì kọ òmíràn pé kí ẹni tí ó bá wà nínú ilé máa dá ẹni tí ó wà níta lóhùn, kí òun Ládépò sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ìwọ̀n ẹrù tí ó wà lórí sáfà wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó sì dúró sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Oòrùn ń wọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí onílé tuntun ránṣẹ́ pé òun rí i pé ilé ti fúyẹ́, pé òun kò ní tì í mọ́, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó pa á, tí ó sì tún un tàn.

Ládépò jókòó. Ó wo ẹnu ọ̀nà Ojúde. Ó ń bẹ̀rù pé bóyá ó ti sú àwọn àlejò, pé bóyá kò sí ẹni tí yóò tún wá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan yọ lójú gíláàsì: "Àgò o." Wúràọlá ni.

Ó kọ ọ́ pé, "Àgò yà o. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ilé kò ṣófo."

Obìnrin náà fèsì. "Bọ̀dá Ládépò, ẹ̀yin lẹ dáhùn lónìí."

"Èmi ni, Wúrà."

"Bí Tàǹtí Ìbídùn ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe sọ ọ́. Mi ò fẹ́ máa dárúkọ wọn fún yín tẹ́lẹ̀, mo rò pé ó máa dùn yín."

Ládépò ka orúkọ náà. Ó tún un kà. Ẹni tí ó wà láàyè ni ó pè é, kì í ṣe ìránṣẹ́, ó sì ń dúró dè é kí ó fèsì. Ó kọ ọ́ pé, "Máa dárúkọ ẹ̀. Jókòó, kí n sọ bó ṣe kọ́kọ́ kágò nílé bàbá mi fún ẹ." Àwọn mìíràn ti ń kágò lẹ́yìn rẹ̀, Wúràọlá sì ń bá a dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, ẹ bèèrè ẹni tí ó ti ń bá yín ru ohun tí ẹ kò mọ̀ pé ó wúwo, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí ilé yín bá ń kérora, ẹ má ṣe tètè mú igi lé àlejò. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé bí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti alààyè sílẹ̀ de òkú. Ẹni tí ẹ fẹ́ràn tí ó ti lọ kò ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí òun ń ṣí i fún. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ, ẹ gbà á sọ. Yóò kọ́kọ́ dà bí irọ́ lẹ́nu yín, ẹ ṣáà máa sọ ọ́.

Mo dìde báyìí, mò ń lọ sílé tèmi, ilẹ̀ ti ń ṣú. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi ní ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.